Ìwọ̀n Ọrùn

Ilé wa kò ju ẹyin ògòǹgò lọ lójú ẹni tó wò ó lókèèrè.
Táyà méjì ló fi ń tọ ọkọ̀ lẹ́yìn.
Tí Lorne bá yíra padà lóru, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á wọ ìhà mi;
tí mo bá wúkọ́, fèrèsé á làágùn.
Ọdún mọ́kànlélógún la fi ń wọ́ ọ lọ sí etí adágún Dauphin,
nígbàkigbà tí yìnyín bá ti yọ́ ní Manitóbà,
tí ẹ̀fọn sì ti jí, tí ebi ń pa á.

Ní oṣù kejì, ẹsẹ̀ mi fiṣẹ́ sílẹ̀
láìkọ ìwé, láìdágbére.
Orúkọ tí dókítà pe àìsàn náà gùn bí ojú irin tó lọ sí Churchill.
Wọ́n gbé àga oníbátìrì fún mi, ó wúwo tó ọmọ màlúù;
wọ́n fi ọ̀pá ìrìn kún un, àti ìjókòó ìwẹ̀,
àti irin kan tí n kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.
"Ẹ ta ilé yẹn," Corinna ọmọ wa wí lórí fóònù,
"òtẹ́ẹ̀lì wà, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè."
Bàbá rẹ̀ kò dá a lóhùn.
Ó mú tépù, ó wọ bàtà, ó bọ́ sínú òtútù.

Ó kọ́kọ́ gbé àga kọ́ ìdí ilé.
Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí bí ajá tó rí olówó rẹ̀,
ọ̀tún, òsì, ọ̀tún,
mo di bẹ́líìtì mú, mo ń da àdúrà pọ̀ mọ́ èébú.
A rọra wọ́ padà sílé bí ẹni tó jí adìẹ.
Ó tún gbé e wá síwájú, lé ọrùn irin tó so ilé mọ́ ọkọ̀.
Ìdí ọkọ̀ jókòó sílẹ̀ pẹ̀tẹ́;
imú rẹ̀ wòkè, iná iwájú ń wá ìràwọ̀ kiri.

Ìgbà náà ni Diedrich Penner aládùúgbò wa dé
pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó fi ń wọn ọ̀dùnkún.
Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún; ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.
"Nínú kílò mẹ́wàá," ó wí, "jẹ́ kí ọrùn ru ẹyọ kan, kó lé díẹ̀.
Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ilé á máa jó. Tó bá pọ̀ jù, ọkọ̀ á kúnlẹ̀."
Mo rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ta ló ń wọn èyí tó wà lọ́rùn Lorne?

Wọ́n gbé bátìrì sẹ́yìn, wọ́n ti àgbá omi sábẹ́ ibùsùn.
Wọ́n tú ilé ìdáná mi.
Ẹ má bi mí nípa ìyẹn.
Sítóòfù olójú méjì, kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kùn ní àwọ̀ ewé,
ìkọ́ tí mo ń fi ife mi kọ́: gbogbo rẹ̀ wà nínú gáréèjì báyìí,
a sì ń jẹ búrẹ́dì tútù lọ́nà.
Wọ́n fi ayùn gba ẹ̀gbẹ́ ilé, igi ké,
ẹnu ọ̀nà fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì fẹ̀ sí i.
Wọ́n fi hínjì de pákó mọ́ ọn, ó ń yọ síta bí ahọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí Lorne ṣe kẹ́yìn, kò sọ fún mi.
Mo kàn rí lẹ́búlẹ́bú igi lápá ẹ̀wù rẹ̀, n kò bi í.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ létí adágún ni mo tó mọ̀.
Àga sùn síbi tí sítóòfù mi wà rí.
Lorne ń hanrun. Mo nawọ́ nínú òkùnkùn:
ó ti gé ẹsẹ̀ ibùsùn wa,
ibùsùn àti àga, orí wọn dọ́gba,
bí ọmọ ìyá méjì tó jókòó lórí àpótí kan.
Mo fa ara mi, díẹ̀ díẹ̀, mo kọjá
láìpe ẹnikẹ́ni.
Pákó ké nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀.
"Ṣé ó gbà ọ́?" ohùn oorun bi mí látinú ilé.
Mo ní, "Sùn."

Omi kò tíì ní àwọ̀. Ẹ̀fọn kan bà lé orúnkún mi,
ó mu ẹ̀jẹ̀ títí, n kò mọ̀ ọ́n lára,
mo kàn ń wò ó. Jẹ́ kó jẹun.