Kọ́kọ́rọ́ Géètì

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà
lọ́dún tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta pòórá láàrin ọ̀sẹ̀ kan
ní àdúgbò wa ní Bàyékù,
tí wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú kànga Ìyá Ràmọ́tà,
tí wọ́n ká aṣọ lórí okùn,
tí wọ́n sì ká okùn náà pẹ̀lú.

A pèpàdé. A dáwó. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ilé kọ̀ọ̀kan;
ayálégbé san ìdajì, wọ́n sì kùn ju onílé lọ.
Gánì jórinjórin ló jó irin náà pọ̀,
ó ṣe ṣóńṣó sórí rẹ̀ bí eyín ẹja.
A ní: aago mọ́kànlá alẹ́, ó pa dé.
Ẹni tó bá pẹ́, kó sùn síbi tó pẹ́ sí.
Èmi akọ̀wé ni mo kọ ọ́ sínú ìwé,
mo fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

Mo gbádùn kọ́kọ́rọ́ yẹn, mi ò ní purọ́.
Ó wúwo lápò mi bí owó.
Àwọn tí kì í kí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi:
"Bàbá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ló dá mi dúró."
Màá rọra dìde, màá rọra wá bàtà mi,
màá jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ wọ́n díẹ̀ kí n tó ṣí i.

Lóru Àlàmísì kan, òjò ń rọ̀.
Mo ti pa fóònù. Mo sùn.
Ìrọbí mú Sìdíkátù, aya Gánì.
Ọkọ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá,
wọ́n dé ìdí irin tí ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ jó.
Ó mi géètì. Ó pe orúkọ mi.
Bàbá Mùfú ọlọ́dẹ fi òkúta lu àgádágodo, ó lù ú, ó lù ú,
èyí tí a rà torí pé kò ṣeé fọ́.
Kò fọ́.

Ibẹ̀ ló bí i sí,
lójú iná kẹ̀kẹ́, lábẹ́ tapólínì.
Ọmọbìnrin. Ó pẹ́ kó tó ké. Ó ké.
Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́. Ta ló tún fẹ́ bi wọ́n ní ìdí?

Lọ́jọ́ Àìkú, Sájẹ́ǹtì Èbùnọlá wá sípàdé
láìmú ìbọn, bàtà òjò lẹ́sẹ̀.
A ti múra láti bú u: a pè yín, ẹ ní epo ò sí!
Ó jẹ́ ká bú u tán. Ó ní òótọ́ ni, epo ò sí lọ́jọ́ náà.
Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká rìn."
Kò lọ sí géètì. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà,
níbi tí ọ̀sà ti ń wọnú irà,
ó fi igi tọ́ka: pákó kan lórí ẹrẹ̀,
ipasẹ̀ lọ, ipasẹ̀ bọ̀,
àti okùn aṣọ wa lára ẹ̀ka igi.
Òun ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi wọn.

Ogiri wa ti lanu tipẹ́, láti ẹ̀yìn.
Àwa ń fọ eyín iwájú.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Gánì ò wò mí,
ìyẹn ló dùn mí jù.
Sájẹ́ǹtì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ṣọ́ọ̀bù Kúdí tó ń ta káàdì,
ó ní tí epo ò bá sí, òun á gun ọ̀kadà wá.
Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan, kò wá.

A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé.
Orí ìṣó ló wà báyìí lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Mùfú,
níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó o.
Jẹnẹrétọ̀ kan ló padà wá, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́.
Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sórí páànù lóru,
mo máa ń dìde jókòó, màá fọwọ́ wá àpò ṣòkòtò mi.
Òfìfo.

Abíọ́nà ti ń rìn. Bó bá ń kọjá lójúlé mi,
ó máa ń di irin fèrèsé mi mú,
á mì í.