Kò Dún

Alẹ́ ọjọ́ tí Ìyá Àwáwù fẹ́ gbéra lọ sí Mẹ́kà,
èéfín ìkòkò ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ọṣẹ méjì kò lè ṣí i.
Bùọ̀dá Sàláú dé láti bánkì pẹ̀lú káàdì kan nínú àpòòwé funfun.
Ó ní, "Màmá, ayé à ń di owó mọ́dìí ti kọjá.
Ẹ sáà fi kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ké pín-ín, ó parí."

Màmá gbà á. Ó fi oríkèé ìka lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
bó ṣe máa ń lu ìkòkò tó bá ti inú iná bọ̀ ní Dàda,
ó gbé e sétí, ó dákẹ́.
"Kò dún," ló wí.
"Ìkòkò tí kò bá dún, ó ti sán níbi tójú ò tó."
Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ọmọ ọdún méjìlá, kí ni mo mọ̀.

Tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́:
dọ́là ọlọ́gọ́rùn-ún, ẹyọ méjìlá,
tó ń rà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ Màlámù Tànímù tó ń ṣẹ́ owó ní Gàmbàrí,
láti ìgbà tí wọn kò tíì máa di orí mú
bí wọ́n bá dárúkọ iye tí dọ́là ń lọ.
Ó tú etí tòbí, ó tẹ́ wọn sínú rẹ̀,
ó rán an padà, ó feyín já òwú.
"Ohun tó bá kan ara mi ni mo lè búra lé."

Ọjọ́ kẹsàn-án, ní Mẹ̀dínà, ó tú etí tòbí.
Ẹni tó ń ṣẹ́ owó gbé e sábẹ́ iná,
ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀.
Ó ní orí ọkùnrin inú rẹ̀ kéré jù, owó àtijọ́ ni;
èyí ya létí, èyí gba amọ̀.
Ó tì í padà lórí gíláàsì.
Màmá ní òun ò mọ̀ pé owó náà ń darúgbó.

Ó wá ku káàdì tí kò dún.
Ẹ̀rọ wò ó, ẹ̀rọ kọ̀.
Bánkì rò pé olè ló gbé e dé aṣálẹ̀;
wọ́n ní kó ka nọ́ńbà mẹ́fà táwọn fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀.
Fóònù rẹ̀! Òkèlele ni fóònù wà, lọ́wọ́ mi,
nítorí àwọn oníbàárà ìkòkò.
Lọ́wọ́ mi kẹ̀? Iná ti lọ láti àárọ̀,
ó wà lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ Láìdì onígbàjámọ̀, láàárín ogún fóònù.

Obìnrin kan ará Ṣáárẹ́ yá a ní tirẹ̀, ó pe Bùọ̀dá,
Bùọ̀dá pariwo orúkọ mi láti títì.
Mo sáré. Bàtà kan já, mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu gọ́tà.
Mẹ́fà àkọ́kọ́ ti kú kí n tó débẹ̀;
ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ̀mí wọn.
Wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Mo kà á:
méje, òdo, méjì, méjì, mẹ́sàn-án, oókan,
ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé mi láti òkè òkun, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń yọ ìkòkò nínú eérú gbígbóná.
Kò já ọ̀kan lulẹ̀.

Ó ra dàbínù, ó ra tẹ̀sùbáà,
ó ra búláńkẹ́ẹ̀tì kan tó tóbi ju yàrá rẹ̀ lọ.
Bánkì yọ tiwọn, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún,
bí adìyẹ tó ń ṣá ọkà tí a sá.
Ìyẹn ló ń rò fún àlejò títí dòní.
Kì í sọ ti owó tó darúgbó.

Ọ̀la ni mo ń lọ sí Mansẹ́sítà.
Mo to káàdì méjì sórí ibùsùn,
àti dọ́là díẹ̀ tí orí wọn tóbi dáadáa.
Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní, "Èwo lo mú?"
Mo ní, "Méjèèjì ni, Màmá."
Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
"Ta lo fi fóònù sílẹ̀ fún?"
Mo ní fóònù ń bá mi lọ.
"Ó dáa. Ta ló wá wà nílé?"

Nígbà tó sùn, mo mú káàdì kan,
mo fi oríkèé ìka lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
mo gbé e sétí.