Gbèsè Ẹja Lójúlé Tísà

Gbèsè ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́.
Ẹja àrọ̀ gbígbẹ mẹ́fà, náírà mẹ́ta ààbọ̀,
tí ìyàwó Tísà Ọ̀ṣínúbi rà láwìn lọ́wọ́ ìyá mi
lọ́jà Olúwo, kí ọyẹ́ tó dé.
“Mutiátù, lọ bá mi gbowó yẹn wá.
Má jókòó o. Má gbomi mu.
Ẹni tó mu omi onígbèsè ti gbàgbé owó.”

N kò jókòó. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí,
èmi àti ọmọ mọ́kànlá,
a fimú lẹ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn
títí nẹ́ẹ̀tì fi kọlà sí wa nímú.
Nínú àpótí onílẹ̀kùn méjì
tí Tísà ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí bí ẹni ṣí ilé ìṣúra,
àwọn èèyàn dúdú àti funfun ń jà nítorí ilé.
Ojúlé Kẹrìndínlógún lorúkọ eré náà.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò mọ ta ni bàbá ta ni.
Lọ́sẹ̀ kejì, mo ti mọ ẹni tó ń purọ́.
Lọ́sẹ̀ kẹta, Gbọ́láhàn kẹ́rù jáde nílé bàbá rẹ̀;
mo délé, ẹ̀bà kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.
Ìyá mi ní, “Owó ńkọ́?”
Mo ní, “Gbọ́láhàn ti lọ.”
“Gbọ́láhàn wo? Ṣé òun ló kówó lọ?”

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó fa pàṣán yọ,
ó tẹ̀lé mi gba Òkè Balógun,
òórùn èéfín ẹja ń ṣáájú rẹ̀.
Àwọn ọmọ yà fún un lójú fèrèsé.
Ó gbé pàṣán sókè.
Nínú àpótí, Àníkẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó lọ.
Kò sunkún. Ó kàn ń ká ṣẹ́ẹ̀tì kan,
ó ń tú u, ó tún ń ká a.
Pàṣán dúró lófuurufú.
“Kí ló ṣe obìnrin yìí?”
Kò sẹ́ni tó dáhùn. Gbogbo wa la mọ̀
pé ẹ̀gbọ́n mi Lúkúmọ́nù wọkọ̀ ojú omi lọ sí Àjàṣẹ́,
ó dọdún méjì,
ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan ṣì ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa.

Láti ìgbà náà, Ọjọ́rú tó ń rú fún aráyé
ló ń tòrò fún wa.
Ìyá mi a tètè kó ẹja kúrò lórí ààrò,
a wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì
kí òórùn ẹja má baà dé imú Àníkẹ́,
a sì mú ẹja dání fún ìyàwó Tísà. Lọ́fẹ̀ẹ́.
Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ owó.

Alẹ́ tí Gbọ́láhàn fẹ́ padà wálé,
a rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
a rọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ kanlẹ̀kùn,
NẸ́PÀ múná lọ.
Igbe tó sọ ní Pópó-Òbà!
Àwọn apẹja lórí ọ̀sà rò pé ẹnì kan kú.
Tísà fẹ́ tan àtùpà. Ìyá mi ní kó fi sílẹ̀.
Ó ní, “Ó kanlẹ̀kùn. Bàbá ló ṣí i.
Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó ti gbẹ,
ó ní kí wọ́n gbé omi kaná.
Àníkẹ́ wà lẹ́yìnkùlé, ó gbọ́ ikọ́.
Ṣé abiyamọ á gbàgbé ikọ́ ọmọ rẹ̀ ni?”
Ó ń sọ ọ́ lọ, a ń gbọ́,
títí ìyàwó Tísà fi ń fa ikun nínú òkùnkùn.

Lánàá, ọmọ mi rí eré náà lórí fóònù.
Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju tàtijọ́ lọ.
Mo wò ó débi bàtà, mo wò ó débi ọwọ́.
Gbọ́láhàn kò kanlẹ̀kùn. Ó yí padà, ó lọ.
Mo pa fóònù.
“Mọ́mì, kò tíì tán o.”
Mo ní mo mọ bó ṣe parí.
Bàbá ló ṣí i. Omi wà lórí iná.