Mo Ṣíwájú Ẹrù

Mi ò tíì di ẹrù kankan.
Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì wà lójú fèrèsé ní Ṣakí,
aṣọ oníbàárà ṣì há sábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti gbé ọkọ mi lọ sí Èpè,
ó ní ká máa bọ̀, omi pọ̀, ẹja pọ̀.
Mo ní, "Bàbá Ṣíjúadé,
ẹja kì í kọ́ ọmọ níwèé."
Mo wọ mọ́tò ìdájí,
mo ṣíwájú ẹrù.

Èyí àkọ́kọ́ wà ní Àyétòrò,
géètì rẹ̀ pupa bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já.
Wọ́n fún mi ní ìwé pélébé kan:
owó ìforúkọsílẹ̀, owó aṣọ, owó aṣọ eré,
owó ìdàgbàsókè.
Mo ní, ìdàgbàsókè ta ni?
Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, kò fèsì.
Aránṣọ ni mí, aṣọ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà lára ènìyàn.
Mo wo àwọn ọmọ náà láti ọrùn dé ẹsẹ̀:
kò sí ibi tí wọ́n lẹ̀, kò sí bọ́tìnì tó já,
kò sí orúnkún ṣòkòtò kan tó ṣá.
Ẹ̀rù bà mí díẹ̀.
Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣeré?

Mo wá béèrè ohun tó gbé mi kúrò nílé:
"Etí òsì ọmọ mi ò gbọ́ràn.
Ibà ló mú un lọ, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.
Níbo lẹ ó mú un jókòó?"
Obìnrin náà ní àwọn ní ogún kọ̀ǹpútà.

Létí ọ̀sà, ọkùnrin kan ń tún àwọ̀n ṣe.
Mo dúró wò ó, nítorí abẹ́rẹ́ mọ abẹ́rẹ́.
Ó ní, "Má bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ní.
Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láàárọ̀,
kóo wo ìgbà tí olùkọ́ ń dé."

Mo sùn, ilẹ̀ mọ́, mo gòkè lọ sí Òkè-Balógun,
ilé ìwé ìjọba, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí bí èépá.
Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú,
ọ̀gá wọn ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere,
Ọ̀gá Mùbáṣírù, ṣòkòtò rẹ̀ ṣì wà nínú ìbọ̀sẹ̀.
Mo sọ ọ̀rọ̀ etí náà fún un.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó wọ kíláàsì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ,
orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí etí òsì,
ó ní kí olùkọ́ máa kàwé.
Ó dìde. Ó sún síwájú. Ó tún dìde.
"Níbí, ariwo ọ̀kadà ń wọlé."
Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri òsì, bẹ́ǹṣì kejì,
ó pẹ́ níbẹ̀, ojú rẹ̀ dì.
"Níbí ni."
Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà kan ti kán.
Ó lọ mú òkúta wá, ó fi tì í.

Mi ò sọ pé ó dára tán.
Ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta ni, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Ilé ìgbẹ́ méjì, ilẹ̀kùn kan;
àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ta bo èkejì.
Ṣé òjò ò ní gba ojú ọ̀nà yẹn?
Mo ń wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn aṣọ tí kò tó:
ibo ló ṣeé lẹ̀,
ibo ni mo máa fi ara mọ́?

Mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà nígbà tí fóònù dún.
Ṣíjúadé ni. Etí ọ̀tún ló fi ń gbọ́ mi, mo mọ̀.
Ó ní, "Màámi, ṣé wọ́n ní igi tó ṣeé gùn?"

Mo ti ka bẹ́ǹṣì, mo ti ka ilẹ̀kùn,
mi ò gbójú sókè rárá.
Mo ní kí ọlọ́kadà ṣẹ́rí padà.
Ó ní, "Kí lẹ gbàgbé?"
Mo ní, igi.