Apá Òsì

Ọyẹ́ ṣì ń la ètè wa nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀,
abẹ́rẹ́ gígùn méjì, òwú aláwọ̀ ìyeyè,
lórí àpótí ẹ̀yìnkùlé wa n'Ípẹru.
Wọ́n ní òtútù Kánádà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́.
Wọ́n hun àyà, wọ́n hun ẹ̀yìn,
Bọ̀sún fi fọ́tò ránṣẹ́:
Fadérera ti ń dá dúró.
Màmá gbé súẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, wọ́n fojú wọ̀n ọ́n,
wọn ò sọ nǹkan kan.
Wọ́n tú u.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú u kí òjò àkọ́kọ́ tó dé.
Ọmọ tí a kò tíì gbé rí
ń yára ju ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ lọ.

Òjò dé lóru tó mọ́ Àjíǹde,
ó fọ eruku ojú ewé kòkó,
ó gbé òórùn ilẹ̀ wọ yàrá bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.
Nígbà tó di Mọ́ńdè, aago márùn-ún ìdájí,
èmi àti Mosún ti ń rin ewùrà,
ọwọ́ ń yún wa dé ìgúnpá.
"Ẹ má fi kan ojú o!" Màmá ń ké láti iwájú ilé.
Ata hó, epo yọ lójú, a fọ́ ẹja gbígbẹ sí i,
a já ewùrà sínú rẹ̀ ní ìṣù ìṣù,
a dé e.
Ẹni tó bá kánjú ro ìkókoré, ẹ̀kọ mímu ló máa bá nínú ìkòkò.
Wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìkókoré nìkan ni wọ́n ń bá wí.

Fúláàsì méjì la gbé lọ Ṣàgámù,
sí ọgbà ìṣeré tuntun ẹ̀yìn ilé epo,
níbi tí ẹṣin onírọ́bà ò ti ní etí kan,
tí rélùwéè kékeré ń fọn fèrè láìní ibi tó ń lọ.
Fọlárìn gun gbogbo ẹ̀. Tóyọ̀sí bì sí bàtà mi.
Ó wá ku àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yí lójú sánmà.
Màmá ní àwọn náà á gùn ún.
A rò pé wọ́n ń ṣeré ni.

Wọ́n jókòó, wọ́n gbé òwú lé itan,
wọ́n ń hun bí a ṣe ń gòkè.
A dé téńté, iná lọ.

Afẹ́fẹ́ ń mì wá bí ẹni ń rẹ ọmọ.
Mosún ń pe Jésù.
Nísàlẹ̀, páànù tó ti dógùn-ún,
àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Bìní tò bí ìjàlọ.
Màmá na ọrùn: "Apá ibo ni Kánádà wà?"
Kò sẹ́ni tó mọ̀. Fọlárìn nawọ́ sọ́nà Ìkòròdú.
Wọ́n wo ibẹ̀, ó pẹ́,
òwú sì yọ́ kúrò lórí itan wọn.

Ó ń já bọ́, ó ń tú bó ṣe ń já bọ́,
okùn aláwọ̀ ìyeyè kan láàárín àwa àti ilẹ̀,
tó fi kó sínú ọ̀gbàrá lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì.
"Dì í mú o! Má fà á!"
Ọmọ náà dì í mú bí ẹni tí wọ́n gbé ìkókó lé lọ́wọ́.
Títí wọ́n fi rí epo rọ sí jẹnẹrétọ̀
ó dúró bẹ́ẹ̀, ó nawọ́ sókè,
Màmá ń hun lókè,
òwú ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìkókoré ti tutù nígbà tí a balẹ̀.
A bu àwo kan kún fún un. Ó ní ọmọ Ògèrè lòun.
Ó lá ṣíbí.

Nílé, mo ní kí n fọ òwú náà.
Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.
Ilẹ̀ pupa ti mu ibi tó máa di apá òsì,
wọ́n hun ún lọ bẹ́ẹ̀,
wọ́n fi ìwọ̀n ìka méjì kún un,
nítorí ọ̀la.
Òjò tún ti ń ṣú. Mosún ṣì ń họ ọwọ́.