Ikọ́ Ẹ̀yìn Ògiri

Ní Jọ́ọ̀sì, ọyẹ́ kì í kanlẹ̀kùn.
Abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gbà wọlé, bí ìwé owó iná,
àti àlàfo gíláàsì fèrèsé tí onílé ṣèlérí àtiṣe
láti ìgbà òjò èṣí.
Mo fi ìwé ìròyìn dí i. Mo fi àkísà dí i.
Mo fi aṣọ tí mo wọ̀ wá síbí láti Ṣakí dí i.
Tí ilẹ̀ bá mọ́, eruku á ti jókòó sórí tábìlì,
á máa retí tíì bí àlejò tó sùn mọ́jú.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè ti dákẹ́ láti Ọjọ́rú.
Ìdí kànga la ń tò sí, àwa ará ilé alájà mẹ́ta,
ẹnu funfun, gìgísẹ̀ funfun,
bí ẹni tí wọ́n jọ tú jáde nínú àpò ìyẹ̀fun kan náà.
Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni bá rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ á là.
Habu tó ń ṣọ́ géètì ti fi láwàní wé gbogbo orí,
ojú méjèèjì nìkan ló kù tó fi ń kí wa:
"Sannu. Sannu."

Màámi pè. "Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́?"
Mo ní rárá, kò tó nǹkan.
Eyín mi ń lu ara wọn. Ó gbọ́.

Àmọ́ ikọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ.
Lẹ́yìn ògiri yàrá mi, ní aago méjì òru,
ẹnì kan ń wúkọ́ bí ẹni ń gbẹ́ kànga nínú àpáta.
Ògiri ilé wa, sìmẹ́ńtì inú rẹ̀
kò ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ.
Mo mọ ikọ́ náà kí n tó mọ olúwa rẹ̀:
gígùn kan, kúkurú méjì, lẹ́yìn náà
èémí tó ń wá ibi tí yóò gbà jáde.
Lóru ọjọ́ kan mo pòṣé.
Mo fi ìgùnpá gbá ògiri. Mo ní, "Kí ló dé gan-an!"

Ó dákẹ́.
Ó dákẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ kẹta.
Mo rò pé màá sùn.
Mo dùbúlẹ̀, mo la etí sílẹ̀
bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò tíì ti ilé ẹ̀kọ́ dé.
Ṣé ó rìnrìn àjò ni? Àbí ó ti...
N kò jẹ́ kí èyí tó kù jáde.

Lọ́jọ́ kẹrin, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà,
mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.
Ó pẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yí.
Baba arúgbó kan, Dalyop lorúkọ rẹ̀,
bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ìrọ̀rí lábẹ́ apá bí ọmọ ìkókó.
Pẹ̀lú Hausa jẹ́jẹ́, kí n lè gbọ́, ó ní,
"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ṣé o ṣì ń gbọ́ ọ ni?
Inú ìrọ̀rí ni mo ń wú u sí báyìí."

N kò mọ ohun tí èèyàn ń fi dáhùn irú èyí.
Mo sáré wọlé, mo bu òrí tí Màámi fi ránṣẹ́,
ìdajì. Ká má purọ́, kò pé ìdajì.
Mo yọ́ ọ lórí sítóòfù, mo ní kó fi pa àyà.
Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní àwọn ń pè é ní kadanya.
Mo ní àwa ń pè é ní òrí.
A dúró sẹ́nu ọ̀nà, èéfín ẹnu wa ń dàpọ̀.

Lóru ọjọ́ náà, ní aago méjì, ó bẹ̀rẹ̀:
gígùn kan,
kúkurú kan.
Ọyẹ́ ń súfèé nínú fèrèsé onílé.
N kò gbọ́ kúkurú kejì. Mo ti sùn lọ.