Oníbodè Inú Orí

Ọjọ́ Ẹtì ni mo kọ́kọ́ rí i,
àbàwọ́n méjì níwájú búláòsì mi.
Mo ń rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ ní Tákíé,
ẹsẹ̀ mi wà lórí ẹ̀rọ,
mo rò pé òógùn ni.

Òógùn kì í funfun.

Mi ò lóyún. Mi ò bímọ rí.
Nǹkan oṣù mi ti dá láti ìgbà tí kajú ti ń tanná,
ìyá ọkọ mi sì ti ń fi ìka ka oṣù,
ó ń rẹ́rìn-ín sí ikùn mi tó pẹlẹbẹ.
Nígbà tó rí búláòsì, ẹ̀rín náà gbẹ.
"Àwẹ̀ró, ọmọ wo lo bí tá ò gbọ́ ẹkún rẹ̀?"
Kí n tó fọ aṣọ náà tán, àdúgbò ti dájọ́.

Dókítà Oyèkúnlé,
obìnrin tín-ín-rín tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa ìrẹsì,
kò bi mí léèrè ọmọ kankan.
Ó fi báírò ya orí mi sórí bébà láti ẹ̀gbẹ́:
"Kókó kan so rọ̀ níbí, lábẹ́ ọpọlọ,
kò ju hóró ẹ̀wà lọ.
Púrólákítìn ni ìránṣẹ́ tó ń rán sí ọmú.
Ojoojúmọ́ ló ń fẹ́ rán an,
ojoojúmọ́ lọpọlọ ń sọ pé kò tíì yá.
Dópámíìnì lorúkọ oníbodè náà.
Tọ̀sán tòru ló ń ti ilẹ̀kùn."

Mo ní, "Ṣé kó ṣáà máa dènà niṣẹ́ rẹ̀?"
"Kó dènà ni.
Ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ yòókù, ọpọlọ a máa tì wọ́n jáde ni.
Eléyìí, àfi kó dì í mú.
Bí ọmọ bá fẹnu kan orí ọmú,
ìròyìn a gba ọ̀pá ẹ̀yìn gòkè,
oníbodè a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́
bí bàbá àgbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀.
Ọmọ yó, ó padà sẹ́nu iṣẹ́."

Tèmi ńkọ́?
Mo ta ẹ̀rọ kejì kí owó fọ́tò orí tó pé ní Ìlọrin.
Wọ́n rí i: èso bí ọkà bàbà lára hóró ẹ̀wà,
kì í ṣe jẹjẹrẹ,
olóríkunkun lásán tí kò gbọ́ ti oníbodè.

Oògùn ìdajì, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀.
Dókítà ní ohùn oníbodè ló ń sín jẹ.
Òòyì kọ́ mi, mo rọ̀ mọ́ ògiri, mo ń mu ún lọ.

Mo gbé bébà yẹn han ìyá ọkọ mi.
Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.
"Ṣé orí rẹ nìyí? Ó jọ ìgbín."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀.
Lọ́jọ́ kejì mo bá búláòsì mi lórí okùn,
òun ló fọ̀ ọ́.

N ò mọ ọjọ́ tó gbẹ gan-an.
Mo kàn tẹ ọmú wò lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sí nǹkan.
Ó yẹ kí n dúpẹ́, mo sì dúpẹ́,
ṣùgbọ́n mo pẹ́ lórí ibùsùn
bí ẹni tí àlejò tí kò pè lọ láì dágbére.

Oníbodè, o kú iṣẹ́.
Ti ilẹ̀kùn náà, má sùn.
Ṣùgbọ́n má ṣe di etí rẹ pátápátá.